Bí A Ṣe Lè Mọ Ojúlówó Oògùn Fítámínì
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́)

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú yín kì í ṣe ti ọ̀nà tàbí ti ilé-ìwé. Ọ̀rọ̀ ohun tí à ń gbé mì ni.

Ó ti di àṣà láàárín wa pé kí ọmọ tí ó wà lókè òkun máa fi ìgò fítámínì ránṣẹ́ sí òbí rẹ̀. Ìfẹ́ ni, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n pé nǹkan ti òkè òkun wá kì í ṣe ẹ̀rí pé ó dára. Ní Amẹ́ríkà, lábẹ́ òfin ọdún 1994, ìjọba kì í fọwọ́ sí irú nǹkan wọ̀nyí kí wọ́n tó dé ọjà. Nítorí náà, kí á máa wo ohun tí a kọ sára ìgò, kí á má fi ẹnu ọlọ́jà ṣe adájọ́.

Ẹ̀yin tí ń rà á ní Amẹ́ríkà, ẹ wá àmì USP Verified. Ó fi hàn pé ohun tí a kọ sára ìgò ni ó wà nínú rẹ̀, pé iye rẹ̀ pé, pé ohun olóró inú rẹ̀ kò kọjá ìwọ̀n, àti pé hóró náà yóò tú lásìkò. Hóró tí kò bá tú nínú ara, bí ó ti wọlé ni yóò jáde. Ṣùgbọ́n àmì yìí kò sọ pé yóò wo àrùn kankan sàn.

Nílé, ẹ wá nọ́ńbà NAFDAC, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1993. Ẹ wo orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tí ó ṣe é, àti ọjọ́ tí agbára rẹ̀ yóò tán. Ẹ má ra èyí tí a pàtẹ sínú oòrùn, nítorí ooru àti ọ̀rinrin a máa ba fítámínì C jẹ́. Ẹni tí ó bá sì ń polówó nínú ọkọ̀ pé hóró kan ṣoṣo ń wo ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru àti lákúrègbé sàn, ẹ sá fún un.

Ojúlówó pàápàá ní ìwọ̀n. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Àpọ̀jù fítámínì A lè ṣe ọmọ inú oyún ní jàǹbá. Hóró oògùn tí ó ní áyọ́ọ̀nù lè pa ọmọ kékeré tí ó bá pè é ní súìtì. Fítámínì K a sì máa dín agbára warfarin kù, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì.

A kò sọ pé kò wúlò. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba àwọn aláwọ̀ dúdú níyànjú láti máa ronú lílo fítámínì D, 10 máíkírógíráàmù lójúmọ́, yípo ọdún, nítorí oòrùn ibẹ̀ kò tó. Wọ́n sì ní kí obìnrin tí ń retí àtilóyún máa lo folic acid, 400 máíkírógíráàmù lójúmọ́, títí oyún yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 12. Èyí ní ìdí, ó sì ní ìwọ̀n.

Ẹ̀yin ọmọ, kí ẹ tó fi ìgò ránṣẹ́, ẹ béèrè irú oògùn tí Bàbá tàbí Ìyá ń lò, kí ẹ sì bi apòògùn bóyá méjèèjì bára mu. Ẹ̀yin òbí, ẹ fi ìgò náà han dókítà yín. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ má sì gbàgbé ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti epo pupa: àfikún oúnjẹ ni fítámínì inú ìgò, kò lè gba ipò oúnjẹ.