Asofẹ́yẹjẹ: Gbòǹgbò Tí A Kì Í Fi Ojú Wọ̀n

Igi kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti mọ̀ láti kékeré. Èso rẹ̀ kò tóbi, ó máa ń pupa bí ó bá pọ́n, ẹyẹ a sì máa jẹ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn baba wa fi sọ ọ́ ní asofẹ́yẹjẹ. Ẹyẹ ni wọ́n ní ó so fún, wọn kò ní ó so fún ènìyàn. Ohun tí ènìyàn ń wá lọ sí ìdí rẹ̀ wà nínú ilẹ̀: gbòǹgbò rẹ̀, pàápàá èèpo gbòǹgbò náà, tí ó korò bí jogbo.

Ó ti pẹ́ tí àwọn onísègùn wa ti ń lò ó fún ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, tí kò sùn, tí ń sọ̀rọ̀ láìsinmi. Wọ́n á fún un mu, yóò sùn, ara rẹ̀ yóò sì rọlẹ̀. Àwọn kan rò pé ọfọ̀ ló ṣe é. Rárá o, agbára wà nínú gbòǹgbò yẹn. Ní ọdún 1952, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Switzerland yọ ohun kan jáde láti inú gbòǹgbò igi Íńdíà kan tí òun àti asofẹ́yẹjẹ jọ jẹ́ ẹbí. Wọ́n pè é ní reserpine. Ó wà nínú tiwa náà. Ó ń mú ọkàn balẹ̀, ó sì ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí ìwọ̀n rẹ̀ ti kéré tó. Gíráàmù iyọ̀ kan kò kún ìdajì ṣíbí kékeré tí a fi ń po tíì. Bí a bá pín gíráàmù kan sí ọ̀nà 4,000, ìpín kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi sínú hóró oògùn kan. Ta ni ó lè fi ojú wọn ìyẹn nínú ìkòkò agbo?

A mọ bàbá kan ládùúgbò wa. Ìgò méjì wà lójú fèrèsé rẹ̀: agbo ibà nínú ọ̀kan, asofẹ́yẹjẹ tí wọ́n sè fún àbúrò rẹ̀ nínú èkejì. Àwọ̀ kan náà, kíkorò kan náà. Ó ṣì í gbé, ó sì mu ife kan. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́ a pè é, kò lè dìde. Ó gbìyànjú, òòyì kọ́ ọ, ó ṣubú. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó lò ní ilé ìwòsàn kí ó tó padà wálé. Ìyàwó rẹ̀ wà nínú kíláàsì wa nígbà náà, ṣùgbọ́n lẹ́tà M ni a kà dé.

Aboyún kò gbọdọ̀ mu ún, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ìbànújẹ́ ń dà láàmú. Ẹni tí ó bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ó kọ́kọ́ sọ fún dókítà rẹ̀.

Ó yá, ẹ mú lẹ́ẹ̀dì yín. Ẹ kọ ọ́ sára bébà kékeré: orúkọ oògùn, orúkọ ẹni tí ó ni ín, iye ṣíbí tí onísègùn sọ, ọjọ́ tí a sè é. Lẹ́ẹ̀dì ni kí ẹ lò, nítorí bí agbo bá ta sí tádàwà, yóò ṣàn. Bí kò bá sí gọ́ọ̀mù nílé, ẹ fi ẹ̀kọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìgò. A ti dán an wò, ó ń mú dáadáa.