Ìwé Tí A Kò Gbà: Ọ̀rọ̀ sí Àwọn Ọmọ Òkè-Afá



Àwọn ọ̀dọ́ kan wà láàárín wa tí wọ́n ti kọ ìwé ìtàn, tí àwọn atẹ̀wé sì ti dá a padà fún wọn. Nítorí tiwọn ni mo ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta.

Ọmọ àgbẹ̀ kòkó ni. Ọdún mẹ́fà péré ni ó lò ní ilé-ìwé. Ní 1948, ó di òjíṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ọ̀ràn òṣìṣẹ́ ní Èkó. Bí wọn kò bá rán an níṣẹ́, a jókòó, a máa kọ ìtàn. Ilé-iṣẹ́ tí ń tẹ ìwé nípa fọ́tò yíyà ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó fi ìwé rẹ̀ kìn-ín-ní ránṣẹ́ sí! Ó ṣèlérí fọ́tò iwin fún wọn. Nígbà tí ó dé, àwòrán tí a fọwọ́ yà ni a yà ní fọ́tò. (Ẹ má rẹ́rìn-ín, ta ni kò ṣi ilẹ̀kùn kàn rí?) Akitiyan rẹ̀ wú wọn lórí, wọ́n ra ìwé náà, ṣùgbọ́n wọn kò tẹ̀ ẹ́.

Kò jáwọ́. Ó rí ìkéde ẹgbẹ́ Kristẹni kan tí ń ta ìwé, ó fi ìtàn mìíràn ránṣẹ́ sí wọn. Àwọn náà kò tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n fi í lé Faber and Faber lọ́wọ́. Ní 1952, ó jáde: The Palm-Wine Drinkard.

Ẹ ó rò pé ìyà parí níbẹ̀. Bí àwọn òyìnbó ti ń yìn ín, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ilé ń bínú pé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò gún, pé ó dójú tì wá. Èyí ni ó dùn mí jù. Bí àlejò bá kọ̀ ọ́, ènìyàn lè fara dà á. Ti ará ilé a máa wọ egungun. Síbẹ̀ Tutùọlá kọ̀wé lọ, òmíràn sì jáde ní 1954.

Nítorí náà mo bẹ ẹgbẹ́ wa: bí ọmọ wa bá mú ìwé àfọwọ́kọ wá, kí a kà á kí a tó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ wádìí irú ìwé tí ilé-iṣẹ́ kan ń tẹ̀ kí ẹ tó fi tiyín ránṣẹ́, kí ẹ sì ní ẹ̀dà kejì lọ́wọ́.

Ìwé kìn-ín-ní yẹn, èyí tí wọ́n rà tí wọn kò tẹ̀, jáde ní Amẹ́ríkà ní 1982. Tutùọlá ṣì wà láàyè nígbà náà.