Ìtọ́jú Jẹjẹrẹ Ọ̀nà Ọ̀fun Tí Iṣẹ́ Abẹ Kò Ká

Àrùn jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun, ìyẹn èyí tó ń mú ihò tí oúnjẹ ń gbà láti ẹnu dé inú ikùn, kò wọ́pọ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tó bó ṣe wọ́pọ̀ ní Kẹ́ńyà àti Màláwì. Síbẹ̀, àwọn tó ń mú nílẹ̀ Yorùbá sábà máa ń pẹ́ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, nítorí pé ẹni tí iyán kò gba ọ̀fun rẹ̀ mọ́ a kọ́kọ́ fi í sílẹ̀ fún àmàlà, a sì ti ibẹ̀ bọ́ sórí ẹ̀kọ mímu; ìgbà tí omi bá ń há a lọ́fun ni ilé máa ń ṣẹ̀ṣẹ̀ ké gbàjarè. Nígbà náà, kókó náà lè ti lẹ̀ mọ́ ọ̀nà èémí tàbí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ti inú ọkàn jáde, tí oníṣẹ́ abẹ kò fi ní lè gé e kúrò.

Ohun tí ìmọ̀ ìṣègùn ní fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ni láti pa ìtọ́jú méjì pọ̀ lákòókò kan náà. Ọ̀kan ni ìtànṣán, agbára tí ojú kò rí, tí ẹ̀rọ ńlá ń ta sí ojú kókó náà láti ba DNA jẹ́, èyí tí í ṣe àkọsílẹ̀ tí sẹ́ẹ̀lì fi ń bí irú ara rẹ̀. Èkejì ni kímò, oògùn apajẹjẹrẹ tí wọ́n ń fà sí iṣan. Kímò bíi cisplatin kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì ráyè tún ibi tí ìtànṣán bàjẹ́ ṣe, ó sì tún ń lépa èyí tó ti sá lọ sí apá ibi tí ìtànṣán kò dé.

Ìwádìí tó fìdí èyí múlẹ̀ ni èyí tí Herskovic àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1992. Wọ́n fún apá kan àwọn aláìsàn ní ìtànṣán nìkan, 64 Gy (Gy ni òṣùwọ̀n ìtànṣán tó wọ ara), wọ́n sì fún apá kejì ní 50 Gy pẹ̀lú cisplatin àti fluorouracil. Lẹ́yìn ọdún 5, 26 nínú 100 àwọn tó gba méjèèjì ló wà láàyè, kò sì sí ẹnì kan tó ṣẹ́kù nínú àwọn tó gba ìtànṣán nìkan. Iye yìí kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń jó sí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń bọ̀ kò ní fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ìwádìí mìíràn ní 2002 tún fi hàn pé bíbu ìtànṣán sí i dé 64.8 Gy kò fi kún ẹ̀mí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan ẹni tó ń gbé ní ìlú tó jìnnà sí ibi ìtọ́jú, bí ará Ẹdẹ, jù ni ònkà ọjọ́. 50.4 Gy ni ọ̀pọ̀ dókítà ń lò, wọ́n sì ń pín in ní 1.8 Gy lójúmọ́, láti Ajé dé Ẹtì, èyí tó já sí ìgbà 28, tó lé ní ọ̀sẹ̀ 5. Ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn àti ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà, níbi tí ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ NSIA-LUTH ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2019, wà lára ibi tí irú ìtọ́jú yìí wà, ẹni tí kò sì lè jẹun kò lè máa ti Ẹdẹ gba Ìwó lọ sí Ìbàdàn kó tún padà lójoojúmọ́. Bí owó bá tán lágbedeméjì, tàbí bí ẹ̀rọ bá dẹnu kọlẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó kù kò ní dúró de ẹnikẹ́ni, wọn yóò tún máa bí sí i. Ìdí nìyí tí owó ilé tí aláìsàn yóò máa sùn sí fi jẹ́ ara owó ìtọ́jú gan-an, tó sì yẹ kí ẹbí ti wá a kí ìtànṣán àkọ́kọ́ tó wọ ara.

Ìtọ́jú náà ní ìnira tirẹ̀. Ọ̀fun yóò bó, yóò sì máa ta aláìsàn bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan bá ti kọjá. Cisplatin lè ba kíndìnrín jẹ́, èyí ló fà á tí wọ́n fi ń fa omi púpọ̀ sí iṣan pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹbí ló ń sá fún rọ́bà tí wọ́n ń ti ara ikùn fi bọ inú àpòlúkù fún oúnjẹ, wọ́n gbà pé ó ti parí fún ẹni tí wọ́n bá fi í sí lára, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló lè jẹ́ kí aláìsàn ní okun tó láti parí ìgbà 28 náà. Kímò tún máa ń dín sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń bá àrùn jà kù, nítorí náà, bí ara ẹni tó ti padà sí Ẹdẹ bá gbóná, ilé ìwòsàn ló gbọ́dọ̀ gbà lọ lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú ìwé tó sọ orúkọ oògùn tó gbà àti ọjọ́ tó gbà á kẹ́yìn.