Ọ̀RỌ̀ ÒPÓ TẸLIFÓÒNÙ: Ẹ JẸ́ KÁ WỌ̀N ỌN, KÁ SÌ KỌ Ọ́ SÍLẸ̀

(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé gbogbogbò, Ìlá-Ọ̀ràngún)

 

Ọ̀rọ̀ òpó tẹlifóònù, tá à ń pè ní másìtì, ni mo fẹ́ sọ. Àwọn kan nínú wa ní orí ń fọ́ àwọn látìgbà tí àwọn ti ń pàtẹ lẹ́bàá ẹ̀. Àwọn kan ní àfi ká wó o. Àwọn oní-POS ní bí òpó bá wó, ìsọ̀ àwọn náà wó nìyẹn. Ó ti fẹ́ dìjà láàárín wa.

Ẹ gbọ́ o. Òpó ń tú ìtànṣán tí ojú kò rí jáde, irú èyí tí rédíò fi ń gbóhùn. Kì í ṣe irú ti X-ray. Bó bá pọ̀ jù, ó ń mú ara gbóná, ìdí nìyẹn tí ìgbìmọ̀ àgbáyé fi fi òdiwọ̀n lélẹ̀ ní 1998, tí wọ́n tún un ṣe ní 2020. Ní 2006, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé èyí tí ará ìlú ń gbà lára òpó kò ju ìdá 2 nínú 100 òdiwọ̀n náà lọ. Ní 2011, àwọn tó ń wádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ àjọ náà ní ó ṣeé ṣe kí ìtànṣán yìí fa jẹjẹrẹ, pé ẹ̀rí kò tíì tó. Ní 2024, ìwádìí tí àjọ náà ní kí wọ́n ṣe kò rí i pé fóònù ń fa jẹjẹrẹ ọpọlọ.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan òpó. Ní 2020, wọ́n dáná sun òpó nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí ahesọ pé 5G ló fa kòrónà. Irọ́ ni.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ẹlẹ́lùbọ́, ṣé iye tá a ta kóńgò kan ní 2006 la ṣì ń tà á lónìí? GSM dé ní 2001, 3G àti 4G tẹ̀lé e, 5G dé ní 2022. Ẹrù ń pọ̀ lórí òpó. Wíwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Nílẹ̀ Gíríìsì, ẹ̀rọ 500 ni ìjọba gbé kalẹ̀ tó ń wọn ìtànṣán tọ̀sán-tòru. Ní Faransé, láti 2014, ẹnikẹ́ni lè ní kí wọ́n wá wọn ilé òun láìsan kọ́bọ̀.

Níbí ńkọ́? Ní 2012, NCC ní kí òpó fi mítà 5 jìnnà sílé, NESREA ní mítà 10, wọ́n sì bá ara wọn fà á. Mítà dára nítorí ariwo àti èéfín jẹnẹrétọ̀, àmọ́ kò sọ iye ìtànṣán fún wa.

Ohun tí mo dábàá nìyí:

1. Ká kọ lẹ́tà sí NCC, kí ẹ̀dà dé ìjọba ìbílẹ̀, kí wọ́n wá wọ̀n ọ́n ní ìsọ̀ wa lọ́jọ́ ọjà, nígbà tí fóònù gbogbo ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì fún wa níye náà lórí ìwé.

2. Kí wọ́n máa padà wá lọ́dọọdún, àti nígbàkígbà tí wọ́n bá so ẹ̀rọ tuntun mọ́ òpó. Ká bẹ olùkọ́ sáyẹ́ǹsì kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlú wa kó bá wa túmọ̀ ẹ̀.

3. Èmi yóò ya ìwé kan sọ́tọ̀ bíi ti owó àjọ: ọjọ́, ìsọ̀, iye. Bó bá ń lọ sókè, a ó rí i, a ó sì lẹ́nu ọ̀rọ̀.

Ẹni tí orí ń fọ́, kó tètè lọ sí ọsibítù.

Ẹni tó bá fara mọ́ ọn, kó nawọ́ sókè. Ọjà á tà o. Àṣẹ.