Ohun tí Ojú Wa Rí ní Kékeré
Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn òbí níbi àpèjọ àjọ̀dún ọgọ́rùn-ún ọdún ìjọ wa

Ìgbìmọ̀ àjọ̀dún pàṣẹ pé kí n sọ̀rọ̀ lórí bí ó ti yẹ kí òbí máa sọ ohun tí ó rántí nípa ìgbà èwe rẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Èmi kò mọ ìdí tí wọ́n fi yàn mí, bí kò ṣe pé irun mi ti funfun. Nítorí nínú ọ̀ràn yìí gan-an ni mo ti jẹ̀bi, ẹ ó sì gbọ́ ọ láìpẹ́.

Ní ọdún tí ó kọjá, ọmọ ọmọ mi kan tí a bí sí ìlú Lọ́ńdọ̀n bi mí léèrè lórí tẹlifóònù pé, "Bàbá àgbà, kí ni ohun tí ẹ kọ́kọ́ rántí láyé?" Mo gún ara mi jókòó dáadáa, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún un: ọdún tí a bí mi, ilé-ẹ̀kọ́ tí mo lọ, ipò tí mo dé lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ọmọ náà dákẹ́ títí mo fi parí, ó sì wí pé, "Bàbá àgbà, ìyẹn ti wà nínú ìwé. Kí ni ẹ̀yin fi ojú yín rí?" Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Mo sọ fún un pé n ó pè é padà, oorun kò sì kùn mí ní òru ọjọ́ náà.

Àwọn tí ń ṣe ìwádìí nípa ọkàn ènìyàn ti rí i pé ó ṣọ̀wọ́n kí àgbàlagbà rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Èyí tí a ń sọ pé a rántí láti orí ẹ̀yìn ìyá wa, ó lè jẹ́ pé ẹnu ìyá wa ni a ti gbọ́ ọ, tí ó sì ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa títí ó fi di tiwa. Èyí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn baba wa pàápàá wí pé bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, a bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a la ọ̀rọ̀ náà fún ọmọ, kí a wí pé, "Èyí ni mo rí; èyí ni a sọ fún mi." Nígbà tí mo kó gbogbo èyí tí a sọ fún mi sí apá kan ní òru náà, èyí tí ó kù kò kún ọwọ́.

Ohun kìíní nìyí. Ilẹ̀ kò tíì mọ́. Mo di etí ìró ìyá àgbà mi mú, a ń bọ̀ láti odò. Ìkòkò omi wà ní orí rẹ̀, omi sì ń ta sí mi lórí bí ó ti ń gbé ẹsẹ̀. Àwọn obìnrin mìíràn wà níwájú àti lẹ́yìn wa, ọ̀kan ń dá orin, àwọn ìyókù ń gbè é. Òórùn amọ̀ tútù dé ìmú mi kí n tó rí ibi tí à ń lọ. Omi náà wà fún àwọn bíríkìlà tí ń mọ ògiri ilé Ọlọ́run yìí tí a jókòó sínú rẹ̀ lónìí. Nígbà tí mo pe ọmọ náà padà tí mo sì sọ èyí fún un, ohun tí ó béèrè ni pé, "Ṣé omi náà tutù?" Ó tutù. Títí di òní, bí omi bá ta sí mi lórí láìròtẹ́lẹ̀, ọ̀nà odò náà ni ọkàn mi máa ń lọ.

Ohun kejì jẹ́ ti oṣù kìíní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin àgbà mọ bí wọ́n ti ń wọn ọjọ́ orí wa: ọmọ yóò gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí rẹ̀ kọjá, bí ó bá kan etí òsì, ó ti tó lọ sílé-ẹ̀kọ́. Tèmi kò kàn án. Mo tẹ orí mi díẹ̀, ó sì kàn án. Olùkọ́ rí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó sì kọ orúkọ mi sílẹ̀. Ní gbogbo ọdún tí mo fi tọ́ ọmọ, n kò sọ ìtàn yìí rí, nítorí pé mo ti sọ fún wọn pé ní ìgbà tiwa, àwa kì í rẹ́ni jẹ! Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo baba tí mo mọ̀ ṣe ipò kìíní ní kíláàsì. Èmi kò mọ ẹni tí ó ń gba ipò ìkẹyìn nígbà náà.

Ohun kẹta ni ó mú mi jẹ̀bi. Bí òjò bá rọ̀ lóru, ìyá àgbà mi yóò jí. Kò ní tan fìtílà. Yóò máa fi ọwọ́ tọ́ orí àwa ọmọ wò lórí ẹní lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì máa kà wá. Bí ó bá kà wá tán, yóò tún kà wá lẹ́ẹ̀kejì. Mo rò pé ìṣe àgbà lásán ni, mo sì máa ń ṣe bí ẹni tí ó sùn. Mo ti tó ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún kí ó tó kú, n kò sì bi í léèrè ní ọjọ́ kan. Lẹ́yìn ìsìnkú ni àbúrò rẹ̀ obìnrin sọ fún mi pé ní kékeré a ti fi ìyá àgbà ṣe ìwọ̀fà nítorí gbèsè òkú sísin. Pé òru ọjọ́ òjò ni wọ́n mú un lọ sí ilé olówó, àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ sì sùn, ẹnikẹ́ni kò jí láti dágbére fún un. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, ó sì kìlọ̀ fún mi kí n má ṣe jẹ́ kí ó jáde, nítorí ẹ̀gàn ilé. Mo gbọ́ràn sí i lẹ́nu ju bí ó ti yẹ lọ: àwọn ọmọ mi dàgbà, wọ́n ṣe ìgbéyàwó, wọn kò mọ̀.

Ẹ̀gàn wo? Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ẹnìkan tí gbogbo yín mọ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù Fẹ́búárì, ọdún 1837, ọ̀dọ́mọkùnrin kan kọ lẹ́tà láti Fourah Bay ní Sàró sí Àlùfáà William Jowett ti ẹgbẹ́ C.M.S. Samuel Àjàyí Crowther ni. Ó ti tó ọdún mẹ́rìndínlógún tí ogun ti kó Òṣóògùn, ìlú rẹ̀, ní 1821. Kò kàn kọ ọ́ pé ogun kó wa kí ó sì dákẹ́. Ó sọ pé òwúrọ̀ ni, pé oúnjẹ àárọ̀ kò tíì jinná; ó sọ nípa baba rẹ̀ tí ó sáré padà wá kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n sá, àti nípa okùn tí a so mọ́ wọn lọ́rùn. Ó sọ pé a fi òun ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin. Nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n sílẹ̀ lójú òkun ní 1822, àwọn ọmọ náà rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí a gbé kọ́ àti ọta àgbá tí a tò sílẹ̀, wọ́n sì rò pé ẹran ara ènìyàn àti orí ènìyàn ni. Kò tijú láti kọ èyí, bẹ́ẹ̀ ni ìtìjú ẹṣin náà kò sì dí i lọ́wọ́ láti di Bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Ní 1846, ní Abẹ́òkúta, ó tún fi ojú kan Àfàlá ìyá rẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ọdún márùndínlọ́gbọ̀n.

Bí ẹni tí a fi pààrọ̀ ẹṣin bá lè sọ tirẹ̀, èmi ha gbọ́dọ̀ pa ti ìyá àgbà mi mọ́? Mo ti kó àwọn ọmọ mi jọ ní Àjíǹde tí ó kọjá, mo sì sọ ọ́. Ọmọbìnrin mi àgbà sunkún. Ó ní òun náà máa ń jí láti ka àwọn ọmọ òun bí òjò bá ń rọ̀, òun kò sì mọ ibi tí òun ti kọ́ ọ. Lọ́wọ́ mi ni. Èmi pẹ̀lú ti ń kà wọ́n láti ọjọ́ tí mo ti bí wọn.

Mo bẹ̀ yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹ má sì ṣe kọ ọ́ sí ibì kan ṣoṣo. Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé ìtàn àwọn Yorùbá ní 1897, ó fi ránṣẹ́ fún títẹ̀, ìwé náà sì sọnù. Ó kú ní 1901. Bí kì í bá ṣe àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù sílẹ̀, tí Dókítà Obadiah Johnson àbúrò rẹ̀ fi tún un kọ, ìwé náà kì bá tí jáde ní 1921. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ní ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ tí ó ń gba ohùn sílẹ̀ lọ́wọ́, ẹ kò ní àwáwí kankan.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Nínú àkọsílẹ̀ ọdún tí a mọ ògiri yìí, orúkọ àwọn ọkùnrin tí ó dáwó wà níbẹ̀, pẹ̀lú iye ṣílè tí olúkúlùkù dá. Nípa àwọn tí ó pọnmi, ohun tí a kọ kò ju pé àwọn obìnrin ṣe ìrànlọ́wọ́. Mo ti rí orúkọ mẹ́rin nínú wọn, ti ìyá àgbà mi sì jẹ́ ìkíní. Ẹni tí ó máa ń dá orin ni n kò mọ̀. Obìnrin gíga ni, ó kọ pélé, ó sì ń tiro díẹ̀ ní ẹsẹ̀ òsì. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá jẹ́ ọmọ tàbí ọmọ ọmọ rẹ̀, kí ó jọ̀wọ́ wá bá mi lẹ́yìn ìsìn. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kẹta ní apá òsì ni mo jókòó sí, n kò sì ní tètè lọ sílé.