Ọ̀rọ̀ Ni Ó Máa Ń Ṣáájú Iná



Ọ̀rọ̀ ẹnu ni gbòǹgbò ìkórìíra àwọn Júù. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì Yúróòpù kọ́kọ́ pè wọ́n ní apani-Jésù àti ọmọ Sátánì. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn dé ní 1348, wọ́n ní Júù ló da májèlé sínú kànga. Ní Strasbourg, wọ́n dáná sun ọ̀pọ̀ wọn ní oṣù Kejì ọdún 1349.

Ó kan Áfíríkà pẹ̀lú. Ní nǹkan bí 1492, Al-Maghili, onímọ̀ ará Tlemcen, gbógun ti àwọn Júù Tamentit ní aṣálẹ̀ Sàhárà. Alùkáàdì ìlú náà tako ó, síbẹ̀ wọ́n wó sínágọ́gù, wọ́n sì pa ènìyàn. Lẹ́yìn náà ni ó wá ń gba ọba Kánò àti ti Gao nímọ̀ràn.

Èmi tí mo ń dá Ifá, tí mo sì ń kọ́ni ní ìmọ̀ èdè, mo mọ ọ̀nà yìí. Bíbélì Yorùbá fi orúkọ Èṣù pe ọ̀tá Ọlọ́run. Láti ìgbà náà ni a ti di ọmọ èṣù lẹ́nu aládùúgbò wa.

Nítorí náà, ó máa ń dùn mí bí ọmọ awo bá ń sọ pé Júù ló ń darí gbogbo owó ayé. Irọ́ àtijọ́ náà ni, aṣọ ni ó pààrọ̀. Ẹni tí a ti purọ́ mọ́ kò gbọdọ̀ bá wọn purọ́ mọ́ ẹlòmíràn.