Orúkọ Ajá Lórí Sìmẹ́ńtì

Ọ̀rọ̀ ajá ni mo gbé wá lónìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín. Ẹ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe pa rédíò.

Ẹ mọ̀ bí a ti ń sọ ajá lórúkọ nílẹ̀ wa. Ọmọ ènìyàn, a máa ń wo bí ó ti wáyé àti ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé kí a tó sọ ọ́ lórúkọ. Ajá ní tirẹ̀, ọ̀rọ̀ tí a kò lè sọ lójú aládùúgbò ni a máa ń fi sọ ọ́. Bí a bá ti ké pe ajá, ẹni tí ọ̀rọ̀ bá yóò gbọ́, kò sì ní lè bá wa jà, nítorí ajá ni a pè.

Ọkùnrin kan wà ní abúlé kan nítòsí Kétu, ọdẹ ni, àgbẹ̀ sì ni. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ oko ni ó kọ́ ilé sí, kò kọ́ ọ sínú agbo ilé wọn. Àwọn ará ilé sọ̀rọ̀ títí, òun sì dákẹ́. Nígbà tó ra ọmọ ajá kan lọ́jà, ó sọ ọ́ ní Wọ́nwítì. Wọ́n wí, wọ́n wí, wọ́n wí tì.

Ọdún mẹ́sàn-án ni Wọ́nwítì lò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ajá náà kò ṣe ohun àrà kan. Kò yọ ọmọ nínú kànga, kò bá ẹkùn jà. Ó ń lé ọ̀yà àti òkété jáde nínú igbó, ó ń sùn sórí ẹsẹ̀ olówó rẹ̀ nígbà ọyẹ́. Bí ọkùnrin náà bá sì ń ti ọjà bọ̀, ìdí igi àgbálùmọ̀ tó wà ní oríta ni ajá náà yóò ti dúró dè é. Ó mọ ọjọ́ ọjà. Bí ó ti mọ̀ ọ́n, èmi kò lè sọ.

Ọkọ̀ akẹ́rù ló pa á lójú títì. Awakọ̀ kò dúró. Ọkùnrin náà gbé e lọ sí etí oko, ó gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀, ó sin ín, ó sì fi èkù ọkọ́ àtijọ́ kan ṣe àmì sí i. Òjò ọdún náà rọ̀ dáadáa. Ikán jẹ èkù, koríko bo ilẹ̀. Nígbà tó tún di àkókò ebè kíkọ, ó ń kọ ebè lọ, ọkọ́ rẹ̀ kan egungun. Ó ní òun jókòó sílẹ̀ níbẹ̀ títí oòrùn fi yẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ó wá sí kíláàsì. Ó ti wá rí tẹ́lẹ̀, ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó sì kúrò. Ó ní òun mọ orúkọ ara òun, òun kò rí ibi tí òun fẹ́ kọ ọ́ sí. Èmi ni mo wà nídìí pátákó. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní: “Olùkọ́, ẹ kọ́ mi bí wọ́n ti ń kọ orúkọ ajá mi.”

Lẹ́tà méje péré ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí iṣẹ́ ti wà nínú rẹ̀ tó. Ohùn òkè wà lórí “wọ́n”, ó wà lórí “wí”, ohùn ìsàlẹ̀ sì wà lórí “tì”. Bí a bá yọ àmì wọ̀nyí kúrò, ẹni tí kò mọ ajá náà lè kà á bíi pé a fẹ́ wọn àgbàdo. Bí ẹsẹ̀ tó wà lábẹ́ ọ bá sọnù, kò sí ẹni tí yóò mọ ohun tí à ń wí. Ọjọ́ mìíràn tí ẹnìkan bá bi yín pé kí ni àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀ wà fún, ẹ sọ ti ajá yìí fún un.

Ní ọjọ́ kẹta tó ti ń fi ìka kọ ọ́ sórí iyanrìn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé. Ó ní: “Ibojì bàbá tó bí wa wà nínú ilé, kò sí lẹ́tà kan lórí rẹ̀. Ìwọ wá ń kọ́ ìwé nítorí òkú ajá? Ìwà òyìnbó wo nìyí?”

Gbogbo wa dákẹ́. Èmi olùkọ́ kò rí èsì kankan, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a lè gbé sọnù. Ọdẹ náà kò gbójú sókè. Ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Orúkọ Bàbá ń bẹ lẹ́nu wa. Àràárọ̀ ni ìyá wa àgbà ń ki àwọn ọmọ ní oríkì rẹ̀. Àkọ́bí yín ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ta ni yóò jẹ́ Wọ́nwítì? Ẹnu tèmi nìkan ló kù tó ń pè é.”

Ẹ̀gbọ́n náà kò fèsì. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí a fi ṣíwọ́.

Ní ti òyìnbó tó dárúkọ, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo mọ̀. Ní Asnières, lẹ́bàá ìlú Paris, létí odò Seine, ibi ìsìnkú ajá kan wà tí wọ́n ṣí ní ọdún 1899, ó sì wà níbẹ̀ títí di òní. Òkúta tí wọ́n kọ orúkọ ajá àti ológbò sí pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìfẹ́ nìkan ló bí i. Àwọn ènìyàn ń ju òkú ẹran sínú odò. Ní ọdún 1898 òfin jáde pé kí wọ́n sin òkú ẹran jìnnà sí ilé, kí erùpẹ̀ tó bò ó sì ga tó mítà kan, ó kéré tán. Mítà kan náà ni kí ẹ̀yin náà mú lò. Bí ọdẹ wa bá ti gbẹ́ mítà kan, ọkọ́ rẹ̀ kì bá tí kan egungun. Kí ó sì jìnnà sí kànga.

Ẹ̀rù ń bà mí láti fo èyí tó kàn. Bí ajá bá kú lẹ́yìn tó ti ń dà itọ́ lẹ́nu, tó ń ṣe bí aláìmọ ilé, tàbí tó ń gé ohun gbogbo jẹ, ẹ má fi ọwọ́ lásán kàn án, ẹ má bó awọ rẹ̀, ẹ má ṣe jẹ ẹ́. Ó lè jẹ́ àrùn dìgbòlugi. Bí ó bá gé ẹnìkan jẹ kó tó kú, ẹ ránṣẹ́ sí òṣìṣẹ́ ìlera ẹranko kí ẹ tó sin ín, nítorí orí ajá ni wọ́n fi ń yẹ àrùn náà wò. Ẹni tí a gé jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ó sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Láti ọdún 1885, tí Louis Pasteur fún ọmọ kan ní Paris ní abẹ́rẹ́ rẹ̀, ni a ti mọ̀ pé a lè dènà àrùn yìí. Ṣùgbọ́n bí àmì rẹ̀ bá ti yọ lára ènìyàn, ikú ló kù.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká po sìmẹ́ńtì. N kò ní kí ẹnikẹ́ni ra àpò kan nítorí ajá nígbà tí ọmọ kò tíì ní ìwé. Èyí tó ṣẹ́kù nígbà tí aládùúgbò ń rẹ́ ilé tó. Ẹ kan igi pẹlẹbẹ mẹ́rin pọ̀, kí ó gùn tó ìgbọ̀nwọ́ kan, kí ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, kí ó ga tó ìka mẹ́ta. Ẹ tẹ́ ọ̀rá sísàlẹ̀. Abọ́ sìmẹ́ńtì kan, abọ́ iyanrìn mẹ́ta. Iyanrìn odò tó mọ́ ni, kì í ṣe ti etí òkun, nítorí iyọ̀. Ẹ máa bu omi sí i díẹ̀díẹ̀, kó má ṣàn bí ẹ̀kọ mímu. Sìmẹ́ńtì tútù a máa jẹ ọwọ́, ẹ fi ọ̀rá bọ ọwọ́ yín.

Lẹ́yìn tí ẹ bá dà á, ẹ dúró. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bà á jẹ́ nìyí. Bí ẹ bá kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, lẹ́tà yóò pa dé. Bí ẹ bá lọ jẹun tí ẹ pẹ́, ìṣó kò ní wọlé mọ́. Ẹ máa fi ìka tẹ etí rẹ̀. Bí ojú ìka bá hàn níbẹ̀, tí sìmẹ́ńtì kò sì lẹ̀ mọ́ ìka, ẹ mú ìṣó, ẹ kọ ọ́. Bí ajá yín bá ní agogo ọrùn, tàbí tí ẹ ní èérún ìkòkò tó fi ń mumi, ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú rẹ̀ nígbà náà. Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé e sí ibòji, ẹ fi àpò tútù bò ó, ẹ máa wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ méje. Oòrùn tó bá gbẹ ẹ́ kíákíá yóò mú kí ó là.

Ẹ kọ́kọ́ kọ orúkọ náà sórí ìwé tó tóbi bákan náà, kí ẹ mọ̀ pé àyè gbà á. Ọdẹ wa kò ṣe èyí. Lẹ́tà rẹ̀ tóbi, àyè sì tán. “Wọ́nwí” ni ó wà lórí sìmẹ́ńtì àkọ́kọ́, kò sí “tì”. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín: “Ohun tí àwọn ará ilé fẹ́ gan-an nìyí! Wọ́n ti wí, kò tì!” Ẹ̀rín náà dára fún gbogbo wa.

Ẹni tí kò rí sìmẹ́ńtì lè fín orúkọ sára igbá, kó gbé e kọ́ sára ògiri, tàbí kó fi ọ̀bẹ kọ ọ́ sára ìkòkò amọ̀ kí wọ́n tó sun ún. Àwọn ọmọ ń sọ pé àwòrán wà nínú fóònù. Ó dára, ṣùgbọ́n mo ti rí fóònù tó já sínú omi.

Sìmẹ́ńtì kejì ni ó wà létí oko náà báyìí. Ó gba lẹ́tà méjèèje, ó gba àmì orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì kọ 9 sísàlẹ̀, iye ọdún tí ajá náà lò. Nígbà tó gbẹ ni a tó rí i pé kò fi ẹsẹ̀ sábẹ́ ọ. Mo ní kí a tún òmíràn ṣe, ó kọ̀. Ó mú ìṣó àti òkúta, ó ń kàn án díẹ̀díẹ̀ láti ìyálẹ̀ta títí di ọ̀sán, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì bá a di sìmẹ́ńtì náà mú kó má baà yẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ yẹn jìn ju gbogbo lẹ́tà tó kù lọ. Bí òjò bá rọ̀, omi a máa dúró sínú rẹ̀.